Ilé Ìṣẹ̀dá Ẹ̀rọ Tíntìntín fún Ààbò Orílẹ̀-èdè

Ilé ìṣẹ̀dá ẹ̀rọ tíntìntín ni ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí ṣíìpù àti àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, tí wọ́n sì ti ń ṣẹ̀dá wọn. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí dróònù mọ ìgbà tí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí awo sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: wọn a fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán sí i lára, wọn a sì fi kẹ́míkà yọ apá tí wọn kò fẹ́ kúrò. Nítorí pé eruku díẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, inú yàrá tí a ti sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Àpẹẹrẹ pàtàkì ni MESA, tí ó wà ní Sandia National Laboratories ní ìlú Albuquerque, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ìjọba ti ń ṣe ṣíìpù tí ó lè fara da ìtànṣán, fún ohun ìjà átọ́míìkì rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ra ṣíìpù lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí àléébù tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀. Olùtà sì lè dáwọ́ títà dúró nígbà ogun.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1964 ni a dá DICON sílẹ̀ ní Kàdúná láti máa ṣe ohun ìjà. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni ìbọn OBJ-006. Kàdúná kan náà ni Iléeṣẹ́ Ọmọ-ogun Òfurufú ti ṣí aṣọ lójú dróònù Gulma ní 2013 àti Tsaigumi ní 2018. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ṣíṣọ́ ilẹ̀ gbalasa bíi ti Sókótó, níbi tí àwọn agbébọn ti ń yọ ará abúlé lẹ́nu. Síbẹ̀, Nàìjíríà kò tíì ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ṣíìpù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìtàn Yorùbá. Nígbà ogun Kírìjì (1877–1893), àwọn ìbọn ìgbàlódé tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí gbà láti Èkó fún wọn lágbára gidigidi, ṣùgbọ́n òkè òkun ni a ti rọ wọ́n. Òfin DICON tuntun ti ọdún 2023 fàyè gba ìwádìí àti àjọṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ aládàáni. Bí ìwádìí náà bá dé orí ṣíìpù ni a óò tó lè sọ pé ohun ìjà tí a ṣe nílé jẹ́ ti ilé ní tòótọ́.