OHUN TÍ ÀṢẸ ỌDÚN 1969 KÒ LÈ GBÀ LỌ́WỌ́ WA

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí àwọn ọmọ tí a bí sí Kùmásì gbọ́ ìtàn yìí.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìníṣà, Ìlọrin àti ibòmíràn ni àwọn òbí wa ti wá sí Gánà. Ọjà wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gbé e sórí kiri, kí wọ́n tó gba ìsọ̀ lọ́jà. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn lọ́dún 1960, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Gánà lé ní 100,000.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa lọ. Àwọn kan nínú wa ti pẹ́ níbí débi pé wọn kò ka ara wọn sí àjèjì mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba owó àwìn. Ẹni tó ní ilé tà á ní ọ̀pọ̀, ẹni tó ní ọjà fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò mọ ọ̀nà oko rí bá ara wọn nílé baba wọn pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

Kí ló wá gbé wọn dìde? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n rántí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ní ìsọ̀ kò tijú láti tún gbé igbá rù. Ẹni tí kì í jẹ gbèsè mọ́lẹ̀ tún rí ọjà gbà láwìn, nítorí orúkọ rere kò sí nínú ohun tí wọ́n gbà ní bodè. Ẹni tí kò ní owó dá èésú pẹ̀lú ará ilé rẹ̀. Àwọn kan gba Èkó lọ, àwọn kan gba Abidjan. Nígbà tí ìjọba Busia sì ti ṣubú ní oṣù Kìíní ọdún 1972, àwọn mìíràn tún padà wá sí Gánà.

A kò sọ èyí láti dá ìkùnsínú sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ìlú tí kò lè lé àlejò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ìwé yín pé. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Bí ọjà bá sì bàjẹ́, ẹ má sọ pé ó ti tán. Ẹ tún igbá gbé. Ọlọ́run yóò bù sí i fún wa. Àmín.