Àgọ́ Alárìnkiri: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Àwọn Mùsùlùmí Kyrgyz

   

Ní Agbabu níbí, bí àwọn èèyàn wa bá rí Fúlàní darandaran, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé aláìnílé ni, kò mọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ńṣe ni baba wọn ṣí wá. Láàrin 1908 sí 1914, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ ilẹ̀ agbègbè wa kiri nítorí ọ̀dà dúdú, wọ́n sì lọ. Agégẹdú dé, olóko kòkó náà dé. Ta ni kò rìn rí?

Nínú Suratu Nahl, àyà 80, Ọlọ́hun ka àgọ́ aláwọ ẹran àti ohun èlò onírun àgùntàn mọ́ ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ohun tí Ọlọ́hun kà sí ìdẹ̀ra, kò yẹ kí àwa pè é ní òṣì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn àwọn Mùsùlùmí kan ṣàlàyé. Àwọn Kyrgyz ni wọ́n, lórí òkè Tien Shan ní àárín gbùngbùn Éṣíà. Darandaran ni wọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ooru bá dé, wọ́n á da ẹran gun orí òkè. Bí òtútù bá dé, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Àgọ́ roboto ni wọ́n ń gbé. Ọkùnrin ló ń gbẹ́ igi rẹ̀, obìnrin ló ń ṣe aṣọ tó bò ó. Wọ́n á tẹ́ irun àgùntàn sílẹ̀, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á ká a, wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, títí tí yóò fi nípọn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹní olọ́nà tí wọ́n ń pè ní shyrdak. Iṣẹ́ ẹnì kan kọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò á pé jọ, àgbà á máa darí wọn, orin àti ẹ̀fẹ̀ á máa lọ. Ọ̀wẹ̀ gan-an ni.

Ìdààmú wá dé. Ní 1916 wọ́n dìde sí ìjọba Rọ́ṣíà. Wọ́n gbógun tì wọ́n, ọ̀pọ̀ sì kú sọ́nà bí wọ́n ti ń sá lọ sí Ṣáínà. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1930, ìjọba Kọ́múníìsì gba ẹran lọ́wọ́ wọn, ó fipá mú wọn jókòó sójú kan, ó sì ti mọ́sálásí pa. Ṣùgbọ́n ọnà náà ò parun, torí ọwọ́ ìyá àti ọmọ ló wà. Wọ́n gba òmìnira ní 1991. Ní 1992 wọ́n ya òrùlé àgọ́ náà, tündük, sí àárín àsíá wọn.

Síbẹ̀, ní 2012, àjọ UNESCO kọ shyrdak mọ́ àwọn ohun tó nílò ààbò kíákíá. Kí ló dé? Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń dínkù, ọ̀dọ́ ò kọ́ ọ, kápẹ́ẹ̀tì ọjà sì gbalẹ̀. Ẹ wò ó o! Ohun tí ogun ò lè pa, àìkọ́mọ fẹ́ pa á.

Àwa náà ńkọ́? Ẹní tí àwọn ìyá wa ń hun létí omi Ìlàjẹ, ọmọ mélòó ló mọ̀ ọ́n hun? Igbá olọ́nà tí obìnrin Fúlàní fi ń gbé wàrà, ta ló bi í léèrè rí? Ní 1989 ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ètò ẹ̀kọ́ àwọn alárìnkiri sílẹ̀, àtapẹja àti darandaran ni iṣẹ́ rẹ̀ kàn.

Mi ò sọ pé kí màlúù jẹ oko olóko. Ẹni tó bà á jẹ́ gbọ́dọ̀ san án. Ní January 2021 ìjọba Oǹdó fún àwọn darandaran ní ọjọ́ 7 kí wọ́n jáde nínú igbó ọba. Gbogbo wa la mọ ìjínigbé tó fà á. Ṣùgbọ́n ká bínú sí ọ̀daràn, ká má kórìíra ẹ̀yà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: kí ilé kéwú wa yan ọjọ́ kan lóṣù, kí àwọn ìyá fi kọ́ ọmọ ní ẹní híhun. Ẹní ìkírun mọ́sálásí wa, ẹ jẹ́ ká hun ún fúnra wa. Kí a sì ké sí ìyá Fúlàní kó wá fín igbá láàrin wa. Àmáánà ni ìmọ̀. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fà á lé ọmọ lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa. Àmín.