Síso Ọ̀rá mọ́ Pùrótéènì: Ìtàn Iṣẹ́ Ẹ̀sọ̀ kan ní Ilé-Ìwádìí Kẹ́mísìrì



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín dá lórí ohun kékeré kan, èyí tí í ṣe ọ̀rá tí ó máa ń wà lára àwọn pùrótéènì kan. Èrò mi ni pé títú nǹkan palẹ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú pùrótéènì bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọ̀rá náà ń ṣe tó hàn gbangba.

1. Ọ̀rá Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀wọ̀n gígùn ni pùrótéènì. Amínò ásíìdì ni a sín pọ̀ láti fi ṣe é, bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa yòrò nínú omi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1951, Jordi Folch àti Marjorie Lees, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, rí àwọn kan tí wọ́n kọ omi, tí wọ́n sì ń yòrò nínú àdàlù klorofọ́ọ̀mù àti mẹ́tánọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá ti í ṣe. Ní 1982, a rí ásíìdì mirísítíìkì, tí ó ní átọ̀mù kábọ̀nù 14, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n pùrótéènì kan. Nígbà tí ó di 1989, a rí i pé farnesyl, tí ó ní kábọ̀nù 15, wà ní ìrù pùrótéènì tí à ń pè ní Ras.

Ras ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀ràn ìyè àti ikú. Òun ni ó máa ń jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dàgbà kí ó sì pín. Bí ó bá bàjẹ́ tí kò dákẹ́ mọ́, àrùn jẹjẹrẹ lè tẹ̀lé e. Àwọn ẹ̀yà Ras kan tún ní ásíìdì pamítíìkì lára, tí ó ní kábọ̀nù 16. Orúkọ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa, nítorí ara epo ọ̀pẹ ni wọ́n ti mú un. Ásíìdì yìí súnmọ́ ìdajì gbogbo ásíìdì ọ̀rá inú epo pupa. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ọ̀rá tí ó kéré tó báyìí ń ṣe lára Ras?

2. Bí A Ṣe Kọ́ Ẹ̀wọ̀n Sínsín

Ní Berlin, ní ọdún 1901, Emil Fischer so amínò ásíìdì méjì pọ̀. Ní 1907, ó ti so 18. Ní 1932, Max Bergmann àti Leonidas Zervas wá ìbòrí kan tí a lè fi bo apá kan amínò ásíìdì kí ó má baà so mọ́ ibi tí a kò fẹ́, tí a óò sì ṣí kúrò lẹ́yìn náà. Ní 1963, Bruce Merrifield ní New York so ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ hóró ike wẹ́wẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ó kàn ń fọ ìdọ̀tí dànù lẹ́yìn ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984.

Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbà fún pùrótéènì ọlọ́ràá. Ásíìdì líle ni Merrifield fi ń ṣí ìbòrí, farnesyl kò sì lè fara da irú ásíìdì bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì sá fún ásíìdì tí a lo omi eérú tàbí irú rẹ̀, imí-ọjọ́ tí ó so ásíìdì pamítíìkì mọ́ ẹ̀wọ̀n yóò jọ̀wọ́ rẹ̀.

3. Iṣẹ́ Ẹ̀sọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní Jámánì, láàárín ọdún 1990 sí 2000, Herbert Waldmann àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe àwọn ìbòrí tí ẹ́ńsáìmù lè ṣí nínú omi tí kò kan, tí kò sì ta. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù náà ni èyí tí àwọn aṣe-oògùn fi ń gé pẹnisilíìnì. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ìrù Ras gbà pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ láìfarapa.

Ìrù nìkan kì í ṣe ẹran. Amínò ásíìdì 189 ni ó wà nínú odindi Ras. Nítorí náà, wọ́n jẹ́ kí bakitéríà ṣe ara rẹ̀ láìní ìrù, wọ́n sì so ìrù tí wọ́n ṣe mọ́ ọn. Ìròyìn iṣẹ́ yìí jáde ní 2000.

Ní 2005 ni èrè rẹ̀ wá hàn gbangba. Wọ́n ṣe Ras kan tí ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì kò lè já ọ̀rá oníkábọ̀nù 16 rẹ̀ kúrò. Sẹ́ẹ̀lì kankan kò lè ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kò rí ibùgbé kan pàtó. Ó tàn ká gbogbo awọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ras tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa gba ọ̀rá ní ibi tí à ń pè ní Golgi, a lọ sí awọ òde, a bọ́ ọ̀rá sílẹ̀, a sì padà wá gba òmíràn. A ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìdákọ̀ró lásán ni ọ̀rá náà. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé bíbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣe pàtàkì bí gbígbé e wọ̀.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ìmọ̀ síso ọ̀rá mọ́ ẹ̀wọ̀n kò dúró sí ilé-ìwádìí. Ní 2009, ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn àtọ̀gbẹ kan, liraglutide, ẹ̀wọ̀n kúkurú oní-amínò ásíìdì 31 tí a so ásíìdì pamítíìkì mọ́. Ọ̀rá náà a máa di pùrótéènì kan mú nínú ẹ̀jẹ̀, tí oògùn náà kò fi tètè kúrò lára. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sì tó aláìsàn. Ásíìdì inú epo pupa wa ni èyí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé Folch àti Lees tú nǹkan palẹ̀, wọ́n sì rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn tò ó pa dà, wọ́n yí ẹyọ ìsopọ̀ kan ṣoṣo padà, wọ́n sì mọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kẹ́mísìrì, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró síbi títú palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ bí a ti í tò ó, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀sọ̀ ṣe é.