Ọjọ́ tí NTLDR sọnù ní Yábàá

Àwa tí a kàwé ní Àkọkà àti Yábàá láyé Windows XP, tó jáde ní 2001, a ò lè gbàgbé ìlà funfun kan lójú kọ̀ǹpútà dúdú: "NTLDR is missing". Fáìlì kékeré ni NTLDR, òun ló ń jí Windows. Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí dísìkì, fáìlì lè bàjẹ́. Bí èyí bá bàjẹ́, ẹ̀rọ ò ní jí.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, CD kì í bá a wá. "Ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀" ni ẹnjiníà máa ń sọ, pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá á sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá rí CD XP yá kàn máa wọ Recovery Console ni, á kó NTLDR àti NTDETECT.COM láti inú i386 sí dísìkì C. Ẹ̀rọ á jí, iṣẹ́ ò ní sọnù.

Ní 2007, Vista fi BOOTMGR rọ́pò NTLDR. Orúkọ yí padà, ọgbọ́n ò yí padà: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ká tó fọ́ọ̀mátì, ká kọ́kọ́ bèèrè ohun tó sọnù.