Ìdíje Ẹja Túnà ní Wedgeport

Ìtàn ẹja ni mo mú wá fún yín lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja inú odò wa. Bí mo bá ní ẹja kan wà tí ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́tàlá lọ, tí ẹnì kan ṣoṣo sì fi ọ̀pá àti okùn ìwọ̀ fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè máa wí pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Kì í ṣe àlọ́ rárá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1979, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ken Fraser mú irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní Aulds Cove, ní ìpínlẹ̀ Nova Scotia ní ilẹ̀ Kánádà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 1,496, èyí tí í ṣe kìlógírámù 679.

Túnà onílẹ́bẹ́ aró ni a ń pe ẹja náà. Ìbátan ẹja Títù tí àwọn ìyá wa ń rà ní ọjà ni. Ìdílé kan náà ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ológbò àti ẹkùn ti jẹ́ ìdílé kan náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró, ikùn rẹ̀ sì ń dán bíi fàdákà. Kò lè dúró sójú kan, nítorí bí kò bá máa lúwẹ̀ẹ́ lọ síwájú, omi kì yóò gba ẹnu rẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ, kì yóò sì rí èémí mí. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja tí a mọ̀, bí omi bá tutù, àwọn náà a tutù. Túnà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà pa ooru ara rẹ̀ mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi ń gbóná ju omi tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ó ṣe lè wá jẹun nínú òkun tútù ti Kánádà, kí ó sì tún padà lọ yé ẹyin nínú òkun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàrin Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Wedgeport. Abúlé kékeré ni, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nova Scotia, kò sì jìnnà sí ìlú Yarmouth. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Acadian ni wọ́n, ìran àwọn Faransé tí ó ti ń dáko ní etíkun náà kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1755, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dáná sun ilé wọn, wọ́n sì fọ́n wọn ká sí oríṣiríṣi ilẹ̀. Àwọn tí ó rí ọ̀nà padà nígbẹ̀yìn bá àjèjì lórí oko baba wọn. Etí omi olókùúta ni ó kù fún wọn. Ọdún 1767 ni a ń kà sí ọdún tí wọ́n tẹ Wedgeport dó. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ọlọ́ràá mọ́, òkun ni yóò sọ di oko. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe di apẹja, èdè Faransé ni wọ́n sì ń fi pe ara wọn nínú ọkọ̀ títí di òní.

Níwájú abúlé náà ni àwọn erékùṣù Tusket wà. Òkun ibẹ̀ kì í sinmi. Kò jìnnà sí ẹnu Fundy, ibi tí omi òkun ti ń kún tí ó sì ń fà lọ́nà tí a kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn ní ayé. Bí omi bá ń wọlé tàbí bí ó bá ń padà, ó ní láti gba àárín àwọn erékùṣù náà kọjá. A máa sáré bí odò tí ó kún ní ìgbà òjò, a sì máa hó bí ìkòkò lórí iná níbi tí ilẹ̀ abẹ́ omi bá ti ga. Ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni Soldier's Rip. Ibẹ̀ ni ìṣàn omi ti ń da ẹja ṣáwá láàmú, ibẹ̀ náà sì ni túnà ti ń wá jẹ wọ́n ní ọdọọdún nígbà tí oòrùn bá mú.

Ẹ má rò pé inú àwọn apẹja etíkun náà dùn sí àlejò yìí. Wọn kò kà á sí ohun rere. Màkẹ́rẹ́lì ẹṣin ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe ohun tí ó tóbi láìníláárí. Ó ń fa àwọ̀n ya, ó ń jẹ ṣáwá tí wọ́n fẹ́ mú. Bí wọ́n bá fi ọ̀kọ̀ olókùn gún un pa, owó tí wọn yóò rí nídìí rẹ̀ kò tó nǹkan.

Níbòmíràn, àwọn olówó ti ń fi ẹja yìí ṣeré. Ní ọdún 1898 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn apatúnà sílẹ̀ ní Avalon, ní erékùṣù kan níwájú California, lẹ́yìn tí Charles Frederick Holder ti fi ọ̀pá ìwọ̀ mú túnà pọ́n-ùn 183. Ní ọdún 1924, Zane Grey, ẹni tí ń kọ ìwé ìtàn àwọn darandaran Amẹ́ríkà, wá sí Nova Scotia, ó sì mú ọ̀kan tí ó wọ̀n tó pọ́n-ùn 758. Òkìkí kàn. Ṣùgbọ́n Wedgeport kò tíì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1935 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Michael Lerner yà síbẹ̀. Ará New York ni, ìdílé rẹ̀ ni ó ni àwọn ilé ìtajà aṣọ obìnrin tí ń jẹ́ Lerner Shops, eré ẹja ńlá sì ni ó fi owó rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn apẹja pé túnà kún inú Soldier's Rip. Ó bá wọn lọ nínú ọkọ̀ wọn, ó sì rí i pé wọn kò purọ́: láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti mú èyí tí ó lè gbé orúkọ abúlé náà dé etí gbogbo àwọn olówó tí ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ayé ti rí. Ẹja tí onílé ń ṣépè fún, àlejò ni ó wá sọ pé wúrà ni.

Ní ọdún 1937 ìdíje bẹ̀rẹ̀. Alton B. Sharp, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Eastern Steamship Lines, ni ó fi ife ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún un. Èmi kò rò pé nítorí ìfẹ́ ẹja nìkan ni. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ yìí ni ó ń kó èrò láti Boston àti New York wá sí Yarmouth, ẹni tí ó bá sì ń bọ̀ wá pa túnà ní láti san owó ọkọ̀! Bí ó ti wù kí ó rí, ife náà lẹ́wà, ìdíje náà sì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ti ilẹ̀-ọba Bìrìtìkó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ àwọn ará Kúbà dé, àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ọjọ́ púpọ̀ ni ìdíje náà ń gbà, nítorí ọjọ́ kan kò tó láti fi mọ ẹni tí ó gbóná. Òjò lè rọ̀, ìkùukùu lè bo òkun tí ènìyàn kò fi ní rí imú ọkọ̀ rẹ̀. Ní òwúrọ̀, àwọn ọkọ̀ a jáde pọ̀ kúrò ní èbúté. Ọkọ̀ apẹja lásán ni wọ́n, irú èyí tí wọ́n fi ń kó edé òkun ńlá tí ó ní ẹ̀mú bíi ti akàn, ṣùgbọ́n a ti kan àga kan tí ó ń yí mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àlejò ni yóò jókòó sórí àga. Ọmọ abúlé ni yóò wa ọkọ̀, òun ni ó mọ ibi tí omi ti ń hó àti àkókò tí yóò hó, òun ni ó sì ń gé ṣáwá sómi kí túnà lè gbọ́ òórùn oúnjẹ. Odindi ṣáwá kan ni a fi bo ìwọ̀.

Bí túnà bá gbé e mì, eré di ìjà. Okùn ìgbà náà, ọ̀gbọ̀ tí a lọ́ ni. Ẹja a sáré wọ inú omi, kẹ̀kẹ́ okùn a máa ké, okùn a tú lọ bí ẹni pé kò ní tán. Ẹni tí ó wà lórí àga ti fi awọ de ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Bí ó bá fa ọ̀pá sókè, a tún rọ̀ ọ́ sílẹ̀, a ká okùn díẹ̀, a tún fà. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè jẹ́ wákàtí púpọ̀. Ọwọ́ a bó, ẹ̀yìn a dùn ún. Òfin kan sì wà tí ó le: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ran án lọ́wọ́ lórí ọ̀pá. Bí ẹlòmíràn bá fi ọwọ́ kan ọ̀pá náà, àní kí ó jẹ́ pé àánú ni ó ṣe é, ẹja náà kò sí nínú ìkà mọ́. Ìgbà tí ẹja bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí wáyà ìdí ìwọ̀ bá ti tó ọwọ́, ni ọmọ ọkọ̀ tó lè dì í mú kí ó sì fi ìkọ́ irin kọ́ ọ. Lerner náà wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1939 láti máa ṣọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ àti láti máa kọ ìwọ̀n ẹja sílẹ̀; ìgbà tí Ken Fraser mú ẹja tirẹ̀ ní 1979, ìwé ẹgbẹ́ yìí ni a kọ ọ́ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́, èrò a péjọ sí èbúté, wọn a so ẹja kọ́ sórí òpó, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a ya àwòrán ẹni tí ó mú un ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wò dáadáa. Olówó ni ó máa ń dúró ní iwájú. Apẹja tí ó wa ọkọ̀, ẹ̀yìn ni ẹ ó ti rí i, bí ẹ bá rí i rárá. Síbẹ̀ owó iṣẹ́ rẹ̀ ń wọlé, ilé àlejò ń kún, abúlé tí ìjọba lé kúrò lórí ilẹ̀ rere rí wá di ibi tí àwọn orílẹ̀-èdè ń fi ọkọ̀ wá.

Ogun Hítílà dá ìdíje náà dúró. Ní 1947 ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1949 ni ẹja pọ̀ jọjọ: túnà tí a fi ìwọ̀ mú ní àdúgbò náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ nígbà náà yóò búra pé kò lè tán láé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí tán. Bí àwọn ọdún 1950 ti ń lọ ni túnà ń dín kù nínú Soldier's Rip. Ọdún dé tí àwọn àlejò péjọ tí ẹja kò péjọ, ọdún mìíràn sì wà tí a kò ṣe ìdíje rárá. Kì í ṣe ọ̀pá ìwọ̀ Wedgeport nìkan ni a lè dá lẹ́bi. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 sí àwọn ọdún 1960, àwọn ọkọ̀ ńlá ń fi àwọ̀n yí agbo túnà kéékèèké ká létí òkun Amẹ́ríkà, wọ́n ń kó àwọn ọmọ kí wọ́n tó di ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni túnà yìí kì í tètè dàgbà. Ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èyí tí ń wá sí apá ibẹ̀ ń lò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin. Lákòókò kan náà, àwọn ọkọ̀ Jàpáànù ń na okùn gígùn oníwọ̀ púpọ̀ sínú òkun níwájú Brazil. Wọ́n mú túnà ńláńlá níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀, àfi bí ẹja ṣe pòórá níbẹ̀ kí ọdún 1970 tó dé. Ọdún 1976 ni a ṣe ìdíje Ife Sharp kẹ́yìn.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó ń dùn mí. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí a bá ti ya àwòrán ẹja tán ní etíkun Kánádà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, tàbí kí a lọ̀ ọ́ fún ológbò jẹ. Nígbà náà ni ọkọ̀ òfuurufú Jàpáànù ń kó ẹ̀rọ rédíò àti kámẹ́rà wá sí Amẹ́ríkà, ó sì ń padà lófo. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà wá ẹrù tí yóò kó padà, ó rí túnà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1972, túnà láti Kánádà dé ọjà Tsukiji ní Tokyo, a sì tà á fún àwọn tí ń jẹ ẹran rẹ̀ ní tútù. Láti ìgbà náà ni màkẹ́rẹ́lì ẹṣin ti di ẹja olówó ńlá. Ìgbà tí iye rẹ̀ yé ayé ni ó ti kúrò níwájú Wedgeport.

Ẹgbẹ́ àwọn ìjọba tí ń ṣọ́ túnà òkun Àtìláńtíìkì ti wà láti 1969, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó fi ìwọ̀n sí iye tí a lè mú ní apá ìwọ̀-oòrùn òkun náà. Ìjà orí ìwọ̀n yẹn pọ̀, n kò ní fi í dá yín lágara. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹja ń padà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun ní ọdún 2021.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dé Wedgeport lọ́jọ́ kan, kí ó lọ sí èbúté. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ohun àtijọ́ ìdíje náà jọ sí. Ní ọdún 2004, àwọn ará abúlé tún dá ìdíje túnà sílẹ̀ fúnra wọn. Kò sí ọkọ̀ olówó láti New York nínú rẹ̀ bí ti àtijọ́. Àwọn ọmọ etíkun náà, tí baba wọn àgbà ń wa ọkọ̀ fún àlejò, àwọn ni wọ́n jókòó sórí àga báyìí, tí ọ̀pá ìwọ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.