Nígbà Tí Gbòǹgbò Eyín Bá Ń Gbó

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe bí kálísíọ́mù àti fọ́sífétì ṣe ń wọ ara ohun rírọ̀ títí tó fi di eyín, ìyẹn mineralization, láti ara àlùmọ́nì ilẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Atúmọ̀ tó bá ń kánjú á kàn gbé àlùmọ́nì kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe àlùmọ́nì sétí ará Òkè-Ògùn, mábù Ìgbẹ́tì lọkàn rẹ̀ máa lọ bá. Lóòótọ́, kálísíọ́mù pọ̀ nínú mábù ọ̀hún; àmọ́ ohun tí à ń hú jáde ni àlùmọ́nì, ti eyín sì rèé, ńṣe ló ń wọlé.

Ẹlòmíràn lè dábàá ìmúle. Kí ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ láìfàmì sí i, ìmùlẹ̀ ni òǹkàwé máa kà á sí, ọ̀rọ̀ á sì di ti awo.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ Ṣakí á ní àgbàdo òun ti gbó. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun á ní ká rọra, eegun rẹ̀ ò tíì gbó. Ohun tí onímọ̀ eyín ń wí gan-an nìyẹn. Ìdíwọ́ kan ṣoṣo tí mo rí wá láti Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì: aṣọ tó bá gbó níbẹ̀, àkísà ló kù tí yóò dà. Ti àgbẹ̀ ni mo fara mọ́. Ohun tó ń dàgbà ni gbòǹgbò eyín. Ẹnikẹ́ni ò hun ún.

Inú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 kọ́ ni a ó ti rí irú èyí. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Ètò Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ sítátíìnì?

Sítátíìnì ni oògùn tí dókítà ń kọ fún ẹni tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ga. Akira Endo, ará Japan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, ló rí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1973 lára irú ohun tó máa ń hù sára oúnjẹ tó bá ti bu. Oògùn náà kì í fọ ọ̀rá dànù bí ọṣẹ; ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ló ń dí lọ́wọ́. Nítorí náà, "oògùn afọ̀rá" tí àwọn kan lè fẹ́ pè é kò yé mi. Ara kò sì lè ṣe láìní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, nítorí náà kò yẹ ká pè é ní ọ̀rá burúkú.

Báwo ló ṣe wá kan eyín? Ní 1999, Gregory Mundy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé sítátíìnì ń mú kí eegun eku pọ̀ sí i. Ní 2009, àwọn onímọ̀ Japan fi simvastatin, ọ̀kan lára àwọn sítátíìnì, sí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú nínú ẹran àárín eyín, wọ́n sì rí i pé ó ń sọ wọ́n di irú sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eyín. Bí a ti ní amọ̀kòkò, ẹ jẹ́ ká pe irú sẹ́ẹ̀lì yẹn ní amọyín. Àwọn mìíràn ti dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì ṣóńṣó gbòǹgbò, ìyẹn ẹran rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀ eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì parí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ṣubú, tí eyín iwájú rẹ̀ kán, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Gbòǹgbò eyín máa ń gbà tó ọdún 3 lẹ́yìn tí eyín bá hù kó tó parí. Bí ẹran inú rẹ̀ bá kú ṣáájú, gbòǹgbò á dúró ní kúkurú, ògiri rẹ̀ á tín-ín-rín, nǹkan díẹ̀ ló sì máa ṣẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ohun tó lè ta amọyín jí.

Ìwọ̀n ni wàhálà ibẹ̀. Nínú àwo ìdánwò, simvastatin díẹ̀ ń mú kí sẹ́ẹ̀lì gbó. Tó bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì ò ní bí sí i mọ́, ó tiẹ̀ lè kú. Kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti gbó, wọ́n á da aró pupa kan sí i, ibi tí kálísíọ́mù bá ti wọ̀ á pọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwo nìyẹn, kì í ṣe oògùn tí a ó rà wálé fọ́mọ.