Àwọn Tí Ń Ra Aṣọ Iyebíye: Ìtàn Kan Láti Aboabo ní Kumasi

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn àgbà wa sọ nípa aṣọ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn. Wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Wọ́n sì tún ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní òkè òkun, mo ka ìwé Thorstein Veblen, ará Amẹ́ríkà, tí ó kọ ọ́ ní ọdún 1899 pé kò sí ẹgbẹ́ kan láwùjọ, àní àwọn tí ó tálákà jù lọ pàápàá, tí kì í náwó díẹ̀ sórí ohun tí a fi ń ṣe fújà. Mo rò nígbà náà pé ó bù mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìwé gbèsè ìyá bàbá mi, ẹni tí ó ta aṣọ ní Aboabo ní ìlú Kumasi, ni ó yí mi lérò padà. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú ìlú tí Kumasi jẹ́.

Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe owó ni ó ń sọ ẹni tí yóò wọ aṣọ iyebíye níbẹ̀. Rømer, ará Denmark, sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1760 pé Opoku Ware, ọba Àṣáńtì, a máa ra aṣọ ṣẹ́dà aláràbarà, a sì máa pàṣẹ kí wọ́n tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, kí àwọn ahunṣọ lè fi òwú rẹ̀ hun aṣọ mìíràn. Ẹ rò ó wò: aṣọ tí ó ti níye lórí tẹ́lẹ̀ ni a ń tú palẹ̀ láti fi ṣe èyí tí ó níye lórí jù ú lọ! Nígbà tí Bowdich, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé Kumasi ní oṣù karùn-ún ọdún 1817, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni ó bá lára àwọn ìjòyè, ó sì rí àwọn tí wúrà ọrùn ọwọ́ wọn wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọwọ́ náà lé orí ọmọdékùnrin. Àwọn ahunṣọ Bonwire ni ń hun kente fún ààfin, àwọn ọnà kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò láìgba àṣẹ Asantehene. Bí ọlọ́rọ̀ kan bá kú, ọba ní ìpín nínú wúrà tí ó fi sílẹ̀. Ipò ni ó ń ra aṣọ nígbà náà. Owó kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí bí ó ti wù kí ènìyàn lówó tó ní ilẹ̀ Yorùbá, kò jẹ́ dé adé tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bo ojú bí kò bá jẹ́ ọba.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáná sun Kumasi ní 1874, wọ́n mú Ọba Prempeh lọ sí ìgbèkùn ní 1896, ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ láti Sekondi ní 1903, nígbà tí ó sì fi di 1911, kò sí ilẹ̀ kan ní gbogbo ayé tí ń ta kòkó tó Gold Coast. Àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò joyè rí wá lè ra kente, aya rẹ̀ sì lè ra àǹkárá tí wọ́n tẹ̀ ní Helmond ní ilẹ̀ Hòláńdì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń dúró sí. Wọn a ní àwọn olówó kòkó ni ó gba àyè àwọn ìjòyè, ó parí. Kò parí.

Aboabo wà lápá ìlà-oòrùn ìlú náà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àlejò tí wọ́n ń pè ní Zongo, bí àwa ti ń sọ Sábó, níbi tí Hausa, Mossi, Dagomba àti Yorùbá ti ń gbé pọ̀. Kì í ṣe ibùgbé àwọn ọlọ́rọ̀. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí ti ń bá òwò lọ sí ilẹ̀ Gánà tipẹ́tipẹ́. Alata ni àwọn Akan ń pè wọ́n, alata samina sì ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú wa títí di òní. Ìyá àgbà mi a máa ra odindi àǹkárá yáàdì méjìlá, a gé e sí mẹ́fà-mẹ́fà, a tún gé òmíràn sí méjì-méjì, a sì tà á láwìn. Òun kò mọ̀wé. Bàbá mi, tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà náà, ni ó ń bá a kọ orúkọ àwọn oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Alábàárù pọ̀ nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ, aṣọ́de, oníwàrà àti alákàrà. Àgbẹ̀ olókokòó kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀, òun náà sì ti san tirẹ̀ tán. Lóòótọ́, ìwé gbèsè kò lè ka ẹni tí ó fi owó lélẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ohun kan hàn kedere: ẹni tí ó ń san díẹ̀díẹ̀ ni yáàdì rẹ̀ wọ́n jù. Mẹ̀kúnnù ni ó ń ra aṣọ kan náà ní iye tí ó ga ju ti olówó lọ. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó wọn, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Kí ni ó wá dé tí wọ́n fi ń rà á? Yìgì, ìkómọ àti ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ kò ṣeé lọ pẹ̀lú àkísà. Èyí kò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ ju fújà lọ. Àǹkárá gidi tí a kò tíì rán, tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí, owó ni. A lè tà á bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, a lè fi í dúró láti yá owó, ọmọbìnrin a sì máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a ti rí òbí tí kò rí owó ìwé ọmọ san, tí ó sì wọ aṣọ tí ó dára ju tiwa lọ wá sí ọ́fíìsì, a sì ti fi í ṣe ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀. Mo wà lára àwọn tí ó rẹ́rìn-ín. A kò bi í léèrè bóyá aṣọ yẹn nìkan ni ó kù tí kò tíì tà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Gánà. Ìyá àgbà mi kò ní in. Ó ta ẹrù rẹ̀ ní àtàdànù, ó sì ka gbèsè sí ohun tí ó sọnù. Bàbá mi sọ fún mi pé àwọn onígbèsè mélòó kan wá lóru láti san ohun tí wọ́n ní. Alábàárù kan kò ní owó rárá. Yáàdì méjì tí ó rà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ó gbé wá, kò tíì rán an, ìlà kíká rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá àgbà gbà á. Kò rán an títí tí ó fi kú.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà, àpò oníke alápakó tí ọ̀pọ̀ wọn fi kó ẹrù sì di ohun tí a ń pè ní Ghana-Must-Go. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Louis Vuitton ti ilẹ̀ Faransé gbé àpò tí ó jọ ọ́ jáde fún àwọn ọlọ́rọ̀ ayé, pẹ̀lú orúkọ wọn lára rẹ̀. Nínú ojúlówó rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ni ìwé gbèsè àti aṣọ yáàdì méjì náà wà ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.